Ọdẹ́rìndé ní Ọjà Afohùnṣòwò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ wá gbọ́ ìtàn. Ẹ̀yin tó wà níwájú, ẹ súnmọ́ra díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí mi. Ìtàn ọdẹ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni a sì ti gbọ́ ọ. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀, ará Ìdí-Ọ̀mọ̀. Nígbà tó darúgbó tí kò lè gbé ìbọn mọ́, abẹ́ igi ọ̀mọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko ló máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á sì tú jáde wá pé lé e lórí. Kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn láìkí èèyàn, bó bá sì kí wọn tán, á kọ́kọ́ yin ara rẹ̀ ná. Á ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń kí yín, ọmọ Ọdẹ́kúnlé tó fi ọfà kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́bíyìí tí àmọ̀tẹ́kùn rí lọ́nà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tó ní, 'Bàbá, ẹ máa kọjá.' Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde kó lọ sí Igbó Ọ̀sángangan, kó pa dà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa."

Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohùn tó fi ń sọ ọ́ ni. Ohùn Ọdẹ́rìndé ń ha bí ìlẹ̀kùn tí a kò ta epo sí ìdí rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi ohùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ọdẹ́rìndé ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe. Ògúndìran ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ yìí. Bó bá di ti ìbọn, Ọdẹ́rìndé ni ọ̀gá, ṣùgbọ́n bó bá di ti ìjálá, ìyẹn ewì tí àwọn ọdẹ máa ń sun, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tó Ògúndìran ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó mọ oríkì erin, ó mọ ti ẹtu, ó mọ ti ìkookò, ó sì mọ ìdílé ọdẹ kọ̀ọ̀kan dé orí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọfà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì mulẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lágbára pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì ni yóò sun ìrèmọ̀jé rẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sun ún.

Kí n dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà láàárín wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ìrèmọ̀jé ni ìjálá tí a ń sun fún ọdẹ tó kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó àwọn ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, ẹ̀wù rẹ̀, àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé lé wọn lórí, wọ́n á sì gbé wọn lọ sínú igbó. Ìṣípà ni à ń pe ayẹyẹ náà. Bí a kò bá ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n ní ẹ̀mí ọdẹ náà kò ní lọ; á máa tẹ̀lé àwọn yòókù kiri inú igbó, á máa lé ẹran kúrò níwájú wọn, kò ní rí ibi jókòó.

Ogún ọdún ni Ògúndìran fi kọ́ Ọdẹ́rìndé ní ìjálá nítorí ìmùlẹ̀ yìí. Orí ìtì igi kan ní aba wọn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ wọ Ọdẹ́rìndé lórí pátápátá, ohùn nìkan ni kò wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ohun kan sì wà tí Ògúndìran kì í gbà fún un. Asunjálá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà, ìyẹn ni pé kó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ kó tó sọ ohunkóhun, kí àwọn tó wà níbẹ̀ sì dáhùn pé, "Ìbà á ṣẹ." Bí Ọdẹ́rìndé bá gbàgbé, Ògúndìran á fi ìkòkò tábà rẹ̀ gbá a ní orúnkún ọ̀tún, á ní, "Tún un bẹ̀rẹ̀. O ò tíì júbà." Ìkòkò yẹn gbá orúnkún yẹn títí ó fi ṣe kókó.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé di ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rin, Ògúndìran kú. Wọ́n fi ìṣípà rẹ̀ sí ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọdẹ́rìndé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ dánra wò. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró, ìyàwó olóògbé, wá bá a níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ewúrẹ́ wa ti sá lọ sódò."

"Kí ló lé wọn?"

"Ẹ̀yin ni." Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká bẹ asunjálá kan láti ìlú mìíràn. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń sọ nídìí ẹmu. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀wù ọkọ mi."

"A ti mulẹ̀, Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀ pé ẹ mulẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi wá bẹ̀ yín, tí mi ò kàn lọ pe ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́rìndé ju kí ó bú u lọ. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó gba ilé Akínlabí lọ.

Akínlabí yìí, ọmọ iṣẹ́ Ògúndìran ni òun náà nígbà kan rí. Ohùn rẹ̀ kò burú, kò sì dára lọ títí. Lọ́jọ́ kan ó wọ igbó, ó sì jáde pẹ̀lú ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn kò dárúkọ Ògúndìran mọ́ bó bá ń sun ìjálá. Ọdún méje ló fi gbádùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń jẹ iṣu, ó la ẹnu láti ní kí wọ́n fún òun lómi, atẹ́gùn lásán ló jáde. Àwọn ará ìlú ní àìsàn ni. Òun nìkan ló mọ̀.

"Akínlabí," Ọdẹ́rìndé ní, "níbo lo ti rí ohùn yẹn?"

Akínlabí mú igi, ó ya ọ̀nà sílẹ̀: odò rèé, àpáta rèé, igbó rèé, oòrùn lókè orí rèé. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú Ọdẹ́rìndé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ó sì ń mi orí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo rí i, ó sì yé mi," Ọdẹ́rìndé ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ló kù fún mi."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilẹ̀ tí wọn kì í ti í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní olórin kan, tàbí agbẹ́gilére kan, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dán mọ́rán tẹ́lẹ̀, ó pàdé àlejò kan ní oríta, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Àwọn kan ń pe àlejò náà ní Èṣù. Àwọn ọdẹ Ìdí-Ọ̀mọ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ní Èṣù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Afohùnṣòwò ni wọ́n ń pe eléyìí, Igbó Ọ̀sángangan ni ó sì ti ń ná ọjà rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ọdẹ́rìndé fi gbé ìbọn kọ́ èjìká, tó di ẹ̀kọ mẹ́fà sápò, tó sì dojú kọ ọ̀nà. Ó la odò kọjá, ó gun àpáta, ó wọ ibi tí àwọn igi ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó bá gbéra láti ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní dé ṣóńṣó títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi jinná, tí àwọn ìtàkùn ń wú tí wọ́n ń fọ̀ bí ẹni tó ń mí, tí olú ẹ̀bá ọ̀nà sì ń yí orí láti wo ẹni tó ń kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Níbi tí ọ̀nà ti fún ni ẹ̀ṣọ́ ọjà jókòó sí. Elétí-Ajere ni wọ́n ń pe iwin náà, nítorí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí atẹ, wọ́n sì lu jára bí ajere tí a fi ń yan ẹran, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá gba etí ọ̀tún wọlé, ogójì ihò ni yóò gbà jáde ní òsì.

"Ta ló ń fi ẹsẹ̀ ìjàpá rìn bọ̀ yìí?"

"Èmi Ọdẹ́rìndé ni, ọmọ Ọdẹ́kúnlé afọfà-kan-pa-ẹfọ̀n-méjì, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́bíyìí tí àmọ̀tẹ́kùn ń yà fún lọ́nà. Ìwọ náà, yà fún mi."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń fẹ́ ewé ilẹ̀ kiri. "Irú ohùn wo nìyẹn? Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ló gbé ọ mì ni, àbí ìwọ lo gbé e mì?"

"Èmi ni mo gbé e mì, àyè ẹnìkan sì ṣì kù nínú ikùn mi."

"Mo lè fi etí kan bò ọ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá da agbọ̀n bo adìyẹ."

"Etí wo ni? Fi hàn mí, kí n lè mọ èyí tí n ó yìnbọn gbà. Kò ní dùn ọ́, ihò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Elétí-Ajere kó etí rẹ̀ jọ sórí itan, ó sún ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. "Wọlé. Ohun tí o wá rà nínú lọ́hùn-ún ni yóò bá mi gbẹ̀san."

Oòrùn dé àárín orí, òjìji Ọdẹ́rìndé ká sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjà sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ṣí aṣọ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò kéré. Ó rí iwin tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ewé tútù, tí ẹyẹ ẹ̀gà kọ́ ilé méjìlá síbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo tí kò lè gbọ́ iye tí wọ́n ń dá lé ọjà. Ó rí Olórí-Odó tó ń fi orí ara rẹ̀ gúnyán fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rí iwin kan tó ga bí ọ̀pẹ, tí gbogbo ará ọjà gbọ́dọ̀ pariwo bí wọ́n bá fẹ́ kí i, kò sì ní dáhùn títí wọn yóò fi gbàgbé pé àwọn kí i. Ó rí ọ̀kan tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ rìn tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́rùn bí ìborùn, ó rí àwọn ìbẹta tí wọ́n ní ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ń yá ara wọn lò, tí wọ́n sì ń jà nítorí pé ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ fi sùn. Gbogbo wọn yí ojú sí i. Ó di ìbọn mú dáadáa, ó kí wọn pé wọ́n kú ọjà, ó ń lọ.

Abẹ́ àràbà ńlá kan ni Afohùnṣòwò jókòó sí. Ẹnu méje ló ní, wọ́n tò láti iwájú orí rẹ̀ dé àyà. Akèrègbè kún ara ẹ̀ka àràbà náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ohùn kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ń kùn bí oyin. Bí iwin náà ṣe sọ̀rọ̀, ẹnu àkọ́kọ́ sọ ọ́ bí ìyá arúgbó, ìkejì gbà á bí akéde ọba, ìkẹta parí rẹ̀ bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Káàbọ̀, Ọdẹ́rìndé. A kì í bi èèyàn ní ohun tó wá síbí. Ohùn ni gbogbo yín ń wá."

Ó já akèrègbè kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ohùn tó jáde dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ewé igi dúró láìmì, tí àwọn ìbẹta dákẹ́ ìjà, tí Elétí-Ajere sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà. Iwin náà dé e pa.

"Kí lo máa gbà?" Ọdẹ́rìndé bi í.

"Fún mi ní ojú tí o fi ń yìnbọn."

"Òun ló ń bọ́ ilé mi. Béèrè òmíràn."

"Fún mi ní ẹ̀rín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ."

"O ní ẹnu méje, o kò lè rẹ́rìn-ín fúnra rẹ? Béèrè òmíràn."

Ẹnu méjèèje jọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. N ó gba nǹkan kékeré lọ́wọ́ rẹ. Láti òní lọ, o kò ní dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìjálá mọ́. Bí o bá fẹ́ júbà, èmi ni wàá máa júbà. Ọdún méje ni wàá fi lo ohùn yìí. Bó bá pé, n ó wá gbà á, n ó sì mú tìrẹ náà mọ́ ọn."

Ọdẹ́rìndé rò ó. Ọdún méje, lójú ẹni tó ti ń súnmọ́ àádọ́rin, kò kéré. Ẹni tó kọ́ ọ sì ti kú, kò ní gbọ́ bóyá wọ́n dárúkọ òun tàbí wọn kò dá a. Ó tún rántí Àwẹ̀ró lórí odó.

"Mo gbà," ó ní. Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Afohùnṣòwò ní kó mí sínú akèrègbè òfìfo kan, ohùn híha rẹ̀ sì bọ́ sínú rẹ̀ gbà bí òkúta. Ó mu ohùn dídùn náà bí ẹni mu omi. "Ó ku ohun kan kí àdéhùn wa tó dè," iwin náà ní. "Júbà mi lójú gbogbo ọjà."

Ọdẹ́rìndé la ẹnu. "Ìbà," ó ní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Olórí-Odó gbàgbé iyán, tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà méjìlá yọ orí jáde nínú irùngbọ̀n. Orí Ọdẹ́rìndé wú. Kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀ rí láyé. Ó kan orúkọ. Ó gbé orúkọ Afohùnṣòwò dé orí ahọ́n, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Kókó yẹn ni, ibi tí ìkòkò tábà ti máa ń gbá a. Ó dùn ún bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni. Ó rí ìtì igi tí wọ́n ń jókòó lé ní aba, ó rí Ògúndìran tó ń tún ìlà kan náà sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹwàá láìbínú. Nígbà náà ló yé e. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìrèmọ̀jé tó fẹ́ lọ sun tí kì í ṣe ti Ògúndìran. Bó bá fi orúkọ náà sílẹ̀ níbí, ohùn dídùn ni yóò gbé délé, kò sì ní rí ẹni tí yóò fi ohùn náà sun ìrèmọ̀jé fún.

Ó mí kanlẹ̀. "Ìbà Ògúndìran, ẹni tó kọ́ mi fún ogún ọdún tí mi ò mọ̀ ọ́n, tí kò sì lé mi."

Kó tó parí rẹ̀, ohùn dídùn já kúrò lọ́fun rẹ̀, ohùn híha tirẹ̀ bẹ́ ìdérí akèrègbè sọnù ó sì pa dà wọlé, tó fi jẹ́ pé ìlàjì ọ̀rọ̀ náà dà bí fèrè, ìlàjì dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ rántí pé bí asunjálá bá júbà, ó yẹ kí ẹnìkan dáhùn. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwọn iwin wo ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn ń wú.

Ni ohùn tínrín kan bá sọ̀rọ̀ nínú akèrègbè kan lókè lọ́hùn-ún: "Ìbà á ṣẹ."

Ọdẹ́rìndé mọ ohùn náà. Ohùn Akínlabí ni, ti tẹ́lẹ̀, èyí tí kò burú tí kò sì dára lọ títí. "Ìbà Ògúndìran tó kọ́ èmi náà," ó ní, akèrègbè rẹ̀ sì bú. Òmíràn gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Ìbà Adélògún tó kọ́ mi," òmíràn ní, "Ìbà ìyá mi Ọ̀ṣúntómi tó kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó," òmíràn, òmíràn, gbogbo wọn ń pe orúkọ tí Afohùnṣòwò ti ní kí wọ́n má pè mọ́, akèrègbè ń bú láti ìsàlẹ̀ dókè bí gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná, àwọn ohùn sì ń fò jáde lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ń la ewé kọjá, olúkúlùkù ń wá ọ̀nà ilé.

Afohùnṣòwò fò dìde. Ó la ẹnu àkọ́kọ́ láti ní kí wọ́n mú ọdẹ náà, ohùn ìyá arúgbó sì fò jáde níbẹ̀, ó lọ. Ó la ìkejì, ohùn akéde ọba lọ. Ó la ìkẹta, ti ọmọdé náà rẹ́rìn-ín jáde, ó lọ. Ó la gbogbo wọn tán. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu méje ń ṣí ń pa dé bí ẹnu ẹja lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Afohùnṣòwò," Ọdẹ́rìndé ní, "mi ò gbọ́ ọ. Sọ ọ́ sókè díẹ̀."

Àwọn iwin dúró, wọ́n ń retí àṣẹ. Àṣẹ kò dé. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó bá ọ̀nà tó bá wá pa dà. Lẹ́nu ọ̀nà, Elétí-Ajere na etí méjèèjì sílẹ̀.

"Kí ni ọ̀gá mi wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Kò lè ṣe kó má wí nǹkan kan."

"Lọ bi í," Ọdẹ́rìndé ní, ó sì fi ẹsẹ̀ kọjá lórí etí náà bí ẹni tó gun ẹní.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Àwọn ọdẹ pé síwájú ilé Ògúndìran, àwọn kan ti múra ẹ̀rín. Ẹ̀wù, àpò àti fìlà wà lórí ẹní, ajá olóògbé sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti kú ni kò ti jẹun dáadáa. Ọdẹ́rìndé dìde, ó la ẹnu, ìlẹ̀kùn tí kò rí epo náà ló ṣí.

"Ìbà Ògúndìran, ẹni tó kọ́ mi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn èrò, Akínlabí, ẹni tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, dáhùn kedere: "Ìbà á ṣẹ." Ẹ̀rín náà kú síbẹ̀.

Ọdẹ́rìndé sun ìrèmọ̀jé náà láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀. Àṣà àwọn ọdẹ ni pé bí ẹnìkan bá ṣì í sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a dúró, wọ́n á ní, "O ṣìwí." Wọ́n ń retí ibi tí yóò ti ṣìwí. Wọ́n gbọ́ oríkì ẹran kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti gbàgbé orúkọ bàbá ńlá wọn gbọ́ ọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ibi dá a dúró. Nígbà tó parí, Àwẹ̀ró fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ọkọ mi," ó ní, "ohùn yín burú o."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ọkọ mi tó lọ ni mo ń gbọ́ níbẹ̀."

Wọ́n gbé ẹrù náà, wọ́n ń lọ sí igbó. Ajá dìde, ó tẹ̀lé wọn dé etí igbó, ó dúró síbẹ̀ ó ń wo nǹkan kan tí ẹlòmíràn kò rí, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó pa dà sílé, ó jẹun.

Ibí yìí ni Ọdẹ́rìndé máa ń dé tí yóò fi wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín ní iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí ẹ má dárúkọ ẹni tó kọ́ yín, ẹ gbé ìbọn yín, ẹ máa bọ̀ nílé."

Èmi náà, abẹ́ igi ọ̀mọ̀ ni mo ti kọ́ ìtàn yìí. Ìbà Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ẹni tó kọ́ mi. Ẹ dá mi lóhùn, kí a tó dìde.